Abẹ́rẹ́ Inú Àpò Dúdú

Àpótí abẹ́rẹ́ ti kún dé ẹnu. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró tì í nínú yàrá tí wọ́n ti ń gún àwọn aláìsàn lábẹ́rẹ́, ó di abọ́ irin kékeré kan mú. Àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló kún inú abọ́ ọ̀hún. Àpótí tó yẹ kó da wọ́n sí jẹ́ páálí líle aláwọ̀ ìyeyè, ó ní ihò tóóró lórí tí abẹ́rẹ́ lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ènìyàn kò lè gbà wọlé. Mátírọ̀nù, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ti fi bírò fa ìlà sí i lára nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ibi ìlà yẹn, kí wọ́n pa àpótí náà dé, kí wọ́n sì lọ gba tuntun. Láti àná ni abẹ́rẹ́ ti kọjá ìlà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nílé ìwé, orúkọ náà sì bá a dé ẹnu iṣẹ́. Ó ti jáde ní girama, ó ń múra ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn náà sì gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Mátírọ̀nù ti ṣèlérí pé òun fúnra òun ni yóò dúró fún un lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ibẹ̀. Nílé, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ti ń pè é ní "nọ́ọ̀sì mi" níwájú àwọn oníbàárà, bí ẹni pé wọ́n ti gbé aṣọ funfun wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá ìkẹ́rùsí tí àpótí tuntun wà. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kì í sì í sábà jókòó sójú kan, àfi kéèyàn máa wá a láti yàrá dé yàrá. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkàn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti kúrò nílé ìwòsàn. Ó ní ẹ̀kọ́ àfikún tó fẹ́ lọ ṣe, olùkọ́ wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí gbogbo wọn ń pè ní Aláwàdà fara ti ilẹ̀kùn, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Akọ́ṣẹ́ ni òun náà. Ó ní kí ó wé àwọn abẹ́rẹ́ náà sínú bébà kó tì wọ́n sínú àpò dúdú, kí àwọn máa lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn pé àpò dúdú kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ti bébà, páálí àti àjẹkù oúnjẹ ni. Àpò aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ń kó òwú àti aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀ sí, inú àpótí ni abẹ́rẹ́ sì ń lọ. Àwọn méjèèjì yìí ni awakọ̀ ilé ìwòsàn máa ń gbé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi iná ńlá sun wọ́n di eérú.

"Ìyá Òfin," ni Aláwàdà wí, "ṣé wọ́n á fi ilé ìwòsàn yìí jogún fún ẹ ni?"

Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń fọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ká Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lára ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó fa bébà ìròyìn àtijọ́ kan yọ, ó da abẹ́rẹ́ inú abọ́ sí i, ó ká a, ó tún un ká, ó tì í sísàlẹ̀ àpò dúdú, ó sì so ẹnu àpò náà. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn ń mu omi. Nígbà tó dé ibi ẹ̀kọ́, olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa pátákó rẹ́ ni. Inú rẹ̀ dùn. Kí ó tó di pé wọ́n parí, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Bàbá Ọlọ́mọlanke dé. Bàbá yìí ló ń kó àwọn àpò dúdú lọ sí àkìtàn. Ó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lágbára, ó sì fẹ́ràn kí ó máa kí àwọn aláìsàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa, àfi bíi dókítà. Kò ní ìbọ̀wọ́. Sálúbàtà ló wọ̀. Ó gbé àpò kan lé èjìká, ó fọwọ́ gbé òmíràn, àpò ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbá a ní itan bó ti ń rìn.

Lójijì ló dúró. Ó gbé àpò náà sílẹ̀, ó fọwọ́ kan itan rẹ̀, ó sì wo ọwọ́ ọ̀hún. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí ṣóńṣó irin tín-ín-rín kan tó yọ lára àpò. Bàbá náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ká ṣòkòtò sókè, ó bu omi sí ojú ibẹ̀. Ó ní bóyá ìgò fífọ́ ni, pé igi inú oko máa ń ya òun lára ju báyìí lọ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ la ẹnu, ṣùgbọ́n Aláwàdà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin. Kí ó tó já ara rẹ̀ gbà, Bàbá ti kó àpò sórí ọmọlanke, ó ti tì í jáde ní géètì.

Aláwàdà fà á lọ sẹ́yìn táńkì omi. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó rí wọn, pé bí ọ̀rọ̀ náà bá dé etí Mátírọ̀nù, wọ́n á lé àwọn méjèèjì, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yóò sì di àlá. Ó ní ṣebí wọ́n wé abẹ́rẹ́ náà dáadáa, àpò ni kò lágbára.

"Bàbá fúnra wọn ò kà á sí," ló sọ níkẹyìn. "Kí ló wá kàn ọ́?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó nu ojú kan náà títí tí ilẹ̀ fi ń dán. Ó gbìyànjú láti rántí àwọn tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ lánàá: aboyún kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, ọmọdé kan tó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ọkùnrin kan tí ṣòkòtò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nídìí rẹ̀ nítorí pé ó ti rù jù. Ta ló ni èyí tó gún Bàbá nínú gbogbo wọn? Kò mọ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni ohun tí Mátírọ̀nù kọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé: ẹ̀jẹ̀ tó kù sẹ́nu abẹ́rẹ́, bó ti wù kó kéré tó, lè gbé kòkòrò éèdì tàbí ti àrùn ẹ̀dọ̀ láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Oògùn wà tó lè dá kòkòrò éèdì dúró kó tó ráyè jókòó sára, ṣùgbọ́n oògùn náà kì í fẹ́ ìdádúró. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, kò ní iṣẹ́ tó lè ṣe mọ́.

Ó fi ìnulẹ̀ ti ògiri. Aláwàdà rí i pé ó ti pinnu, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé bó bá máa lọ, kó má dárúkọ òun. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba ọ́fíìsì Mátírọ̀nù lọ.

Mátírọ̀nù ń mu tíì nígbà tó wọlé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Mà, abẹ́rẹ́ ti gún Bàbá Ọlọ́mọlanke nítan. Èmi ni mo kó abẹ́rẹ́ sínú àpò dúdú lánàá."

Mátírọ̀nù gbé ife sílẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀ àti bóyá ẹ̀jẹ̀ jáde. Nígbà tó gbọ́ ìdáhùn, ó dìde. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń retí kí òrùlé wó lé òun lórí, ṣùgbọ́n ohùn ìyá náà kò lọ sókè rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ òun àti rẹ̀ ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ló kọ́kọ́ kàn. Ó ní ta ló mọ ilé rẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí bàbá náà ti ń kó ìdọ̀tí wọn, kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nínú wọn.

"Màá wá wọn rí, mà," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

Mátírọ̀nù fún un ní awakọ̀, ọkùnrin kan tó máa ń sọ pé ọkọ̀ òun dàgbà ju òun lọ. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí àkìtàn. Èéfín bo ibẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi irin ṣóńṣó tú pàǹtí kiri. Wọ́n ní Bàbá ti já ẹrù sílẹ̀, ó ti gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù irin lọ. Awakọ̀ fi ìbọ̀wọ́ wá àpò tó ní abẹ́rẹ́ náà jáde, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin yẹn, wọ́n ní ó ti lọ sílé lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó lè júwe ilé ọ̀hún dáadáa. Awakọ̀ ní bóyá kí àwọn padà, kí àwọn dúró dè é lọ́la, ṣebí yóò tún wá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ń ti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kí wọn, ó ń béèrè, títí tí obìnrin kan tó ń sá aṣọ fi nàka sí ilé alágbàálá kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Ọmọlanke fara ti ògiri ilé náà.

Ìyàwó Bàbá jókòó síta, ó ń di irun fún oníbàárà kan. Bàbá ń jẹun lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn láti rí wọn, ó ní kí wọ́n wá jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ ohun tó gbé wọn wá, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ara òun dá ṣáṣá. Ó ní bí àwọn ará àdúgbò bá rí oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun, wọn ò ní béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n á ti sọ pé òun ti kó àrùn, kò sì ní sí ẹni tí yóò fẹ́ jókòó ti ìyàwó òun dirun mọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun kí Mátírọ̀nù. Ló bá padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Awakọ̀ ti yíjú sí ọkọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú ìyàwó, níwájú oníbàárà.

"Bàbá, kì í ṣe ìgò ló gún yín. Abẹ́rẹ́ ni, èmi ni mo sì kó o síbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì ṣe é. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí lẹ̀ ń lo oògùn fún, ẹ dárúkọ mi fún wọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní dìde níbí bí ẹ ò bá tẹ̀ lé wa."

Ọwọ́ ìyàwó náà dúró sórí irun. Ó wo ọmọbìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn," ló wí, "ẹ lọ fọwọ́. Ẹ máa bá wọn lọ."

Ní ilé ìwòsàn, Mátírọ̀nù fúnra rẹ̀ ló fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Bàbá fún àyẹ̀wò, dókítà sì fún un ní oògùn tí yóò máa lò fún odindi oṣù kan láìfo ọjọ́ kan. Ó gbé ti àkọ́kọ́ mì níwájú wọn. Ìgbà yẹn ni Mátírọ̀nù tó pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sínú ọ́fíìsì, tó sì ti ilẹ̀kùn. Ó sọ fún un pé kò ní wọ yàrá abẹ́rẹ́ mọ́ títí òun yóò fi sọ pé ó tó, àti pé òun kò ní lè dúró fún un nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún yìí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní onídùúró ṣe ìdánwò ibẹ̀. Ó béèrè ẹni tó tún mọ̀ sí i. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ọwọ́ òun ló ṣe é. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀.

Nílé, ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ó ní ojoojúmọ́ ni abẹ́rẹ́ ń gún òun nídìí ẹ̀rọ, ṣé òun ti kú ni? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní abẹ́rẹ́ tiwọn, inú aṣọ ló ń gbà kọjá. Èyí, inú ara ènìyàn ló ti jáde. Ìyá rẹ̀ pa iná ẹ̀rọ, ó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kò sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́, kò sì pè é ní nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Mátírọ̀nù kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ó ní kí ẹni tó bá ti kó abẹ́rẹ́ sínú àpò dúdú rí nawọ́. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nawọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nawọ́, òmíràn tẹ̀ lé e, ọwọ́ sì ń pọ̀ sí i. Aláwàdà ló nawọ́ kẹ́yìn. Mátírọ̀nù jókòó, ó fi ọwọ́ lérán. Ó gbà pé ẹ̀bi tòun náà wà níbẹ̀, nítorí òun fi àpótí tuntun sí ibi tó ṣòro láti dé, òun sì jẹ́ kí bàbá arúgbó máa fi ọwọ́ lásán àti sálúbàtà kó ìdọ̀tí ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ náà, àpótí tuntun kò wọ́n ní yàrá kankan. Wọ́n fún Bàbá Ọlọ́mọlanke ní ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà rọ́bà gígùn, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa gbé àpò jìnnà sí ara.

Ṣùgbọ́n oògùn náà le. Èébì ń gbé Bàbá, orí ń fò ó, kò sì lè ti ọmọlanke fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ojoojúmọ́ tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ilé Bàbá ló ń gbà lọ. Yóò bá ìyàwó rẹ̀ pọnmi, yóò jókòó, yóò sì ṣí ìwé ìdánwò rẹ̀ sórí itan títí àkókò oògùn yóò fi tó. Àwọn akọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò pè é síbi eré mọ́. Aláwàdà kò bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lé e. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò yà kúrò lọ́nà tó ń tọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, pé abẹ́rẹ́ ò pa òun, oògùn ló fẹ́ pa òun. Ó bínú débi pé ó sọ fún un pé bí kì í bá ṣe ìwà àìbìkítà rẹ̀, òun ì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òun. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́ ọ tán. Ó bu omi sínú ife, ó sì fi oògùn sí àtẹ́lẹwọ́.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ẹ máa bú mi lọ, ẹ ṣáà gbé e mì."

Bàbá wò ó títí, ló bá rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó gbé e mì. Kò tún kọ oògùn mọ́ títí oṣù náà fi pé.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn, ṣùgbọ́n Mátírọ̀nù ní kí wọ́n má tíì jó, nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ lè fara pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àárín ìgbà yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ ṣe ìdánwò ìwọlé. Láti ojú fèrèsé ni ó ti rí wọn tí wọ́n ń wọ ọkọ̀, Aláwàdà wà láàárín wọn. Ó gbé garawa rẹ̀, ó sì lọ fọ àwọn abọ́ irin. Lálẹ́, ó ka ìwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni èsì àyẹ̀wò tó kẹ́yìn dé. Bàbá wọ aṣọ tó dára jù tó ní wá. Mátírọ̀nù kà á, ó tún un kà, ó sì sọ fún un pé ara rẹ̀ mọ́, kò sí àrùn kankan. Ìyàwó Bàbá fi aṣọ bo ojú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó dúró ti ògiri, rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mátírọ̀nù kọjú sí i, ó sọ fún un pé lọ́dún tó ń bọ̀, òun yóò bá a dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fúnra òun, òun yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, èyí tó burú àti èyí tó dára, kí wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà.

Bàbá Ọlọ́mọlanke fà á dìde. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó ohun tí àwọn ènìyàn jù nù," ló wí. "Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tó wá mi délé."

Ohun kan ti yé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kò tún ní gbàgbé láéláé. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó so ẹnu àpò dúdú, ó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn abẹ́rẹ́ náà. Kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó kàn gbé ewu wọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni, ẹni tí kò mọ̀, tí kò sì ní ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, bí ó ṣe ń ro ti aláìsàn tó wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kó máa ro ti ẹni tí yóò gbé ìdọ̀tí náà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àṣìṣe bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí ó tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe, ohun yòówù kí ìjẹ́wọ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ọdún kan lọ́wọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tó wo Bàbá tó ń bá àwọn aláìsàn orí bẹ́ǹṣì ṣe àwàdà bó ti ń jáde lọ, ó mọ̀ pé òun kò pàdánù.